Èènì Ìsàlẹ̀ Agbọ̀n

Àwọn àlọ́ tí a gbọ́ lábẹ́ òṣùpá ní Ọ̀kà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹranko ló máa ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ènìyàn ni gbogbo wọn, wọ́n wà láyé, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń bínú. Orí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló dá lé, Mojọlá tó ń ta ẹja gbígbẹ lọ́jà Ìkàrẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irọ́ ni mo ń pa, kó lọ sọ́jà náà kó béèrè obìnrin tó máa ń fi ìka tẹ ẹja lórí kó tó tà á.

Èmi ni mo tọ́ Mojọlá, nítorí ẹ̀gbọ́n mi kú nígbà tí ọmọ náà kò tíì mọ bí a ṣe ń ró ìró. Ìwàrò-Ọ̀kà là ń gbé. Àpáta ló yí wa ká. Bí o bá fẹ́ rí omi tó ju ti odò ìdí òkè lọ, àfi kí òjò rọ̀. Síbẹ̀, ẹja omi òkun ni Mojọlá fi di ènìyàn. Ó fi rán ọmọ nílé ìwé, ó fi sin ọkọ rẹ̀, ó sì fi kan páànù tuntun sórí ilé tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń gbé.

Ìlàjẹ ni ẹja náà ti ń wá, ní etí òkun ìpínlẹ̀ Òǹdó wa yìí, níbi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀ tó wá dà bí àwo ńlá, tí igi ẹ̀gbà, igi tó ń ta gbòǹgbò sínú omi iyọ̀, yí i ká. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Happiness ló ń yan ẹja náà. Òun àti Mojọlá pàdé ní ọjà Ìgbókòdá nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ ọlọ́mọge. Òjò ló lé wọn sábẹ́ àtíbàbà kan náà. Láti ìgbà náà, "Oníbàárà mi" ni ẹnìkíní ń pe ẹnìkejì. Happiness á di ẹja sínú agbọ̀n, á fi ewé bò ó, bọ́ọ̀sì Rájí awakọ̀ á gbé e gba Òkìtìpupa, á gba Ọ̀rẹ̀, á gba Ọ̀wọ̀, títí yóò fi gun òkè dé Ìkàrẹ́. Bí iṣu tuntun bá jáde lọ́dọ̀ tiwa, Mojọlá náà á di iṣu sínú àpò, Rájí á gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ. Iṣu yẹn kì í ṣe títà o. Ilẹ̀ iyanrìn ni tàwọn ará ibẹ̀, iṣu kì í ta síbẹ̀ dáadáa, Mojọlá ò sì fẹ́ kí oníbàárà òun jẹ ọdún láìjẹ iyán.

Ó wá ku èènì. Ẹni tó tà fún ọ tí kò fi èènì sí i, kò bìkítà bóyá o padà wá. Èènì Happiness kì í wà lókè níbi tí ojú ayé ti máa rí i. Ìsàlẹ̀ agbọ̀n pátápátá ló máa ń wà: edé tí wọ́n kó ní ẹsẹ̀ igi ẹ̀gbà, tó pupa bí ẹyìn, tí wọ́n pọ́n sínú ewé. Mojọlá kò tà á rí. Ti ọbẹ̀ ilé wa ni. Bí a bá sì ti tú agbọ̀n, èmi ni mo máa ń na ọwọ́ wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí àgbà ni mí, ojúkòkòrò mi kò sì lójútì mọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo na ọwọ́ wọ ìsàlẹ̀, ìdí agbọ̀n lásán ni mo bá.

"Mojọlá, èènì dà?"

"Ẹ wá a dáadáa, Ìyá."

"Ìka mi ò tíì fọ́jú."

Ó yọ gbogbo ẹja, ó gbọn agbọ̀n náà. Kò sí nǹkan kan. Ó ní bóyá Happiness gbàgbé ni. Ara ti ń fu mí. Ẹni tó ti ń ṣe ohun kan látìgbà ọlọ́mọge rẹ̀, ṣé ó kàn lè ṣàdédé gbàgbé?

Rájí awakọ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ta ló tún kù? Láti Ìgbókòdá títí dé Ìkàrẹ́, òun nìkan ni agbọ̀n náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ọlọ́kadà gbé mi lọ sí gáréèjì, mo sì bá a níbi tó ti ń jẹ ẹ̀wà.

"Rájí, ẹ̀wà yẹn á dùn o."

"Ẹ wá bá mi jẹ ẹ́, Màmá."

"Ṣé edé wà nínú rẹ̀ ni?"

Ó wo àwo rẹ̀, ó wò mí. "Edé kẹ̀? Ẹ̀wà lásán ni, Màmá."

"Ẹnu rẹ ń ta sánsán edé."

Àwọn awakọ̀ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Rájí, lanu kí Màmá wo ọ̀fun rẹ!"

Rájí gbé ṣíbí sílẹ̀. "Wallahi, Màmá, kí ọkọ̀ mi takú lórí òkè bí mo bá tú ewé agbọ̀n yẹn wò rí. Ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́. Ká tiẹ̀ ní mo fẹ́ jalè, ṣé màá fi ẹja obòkún tó sanra sílẹ̀ kí n lọ máa jí edé?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lọ́kàn. Olè tó gbọ́n, ohun kékeré ló máa ń mú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí agbọ̀n mìíràn dé, tí òmíràn tún dé, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju Rájí lọ. Ẹja fúnra rẹ̀ ti ń kéré. Obòkún tó máa ń ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ó wá dà bí òrùka. Mo la ọ̀kan, mo bá ẹrẹ̀ nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbi tí ẹja ti ń mí. Ẹrẹ̀ dúdú, tó ti gbẹ pa pọ̀ mọ́ ẹran ẹja.

"Ṣé o rí i báyìí?" ni mo wí fún Mojọlá. "Oníbàárà rẹ ti ń fi ẹrẹ̀ dí ẹja lẹ́nu kó lè wúwo. Ó ti rí oníbàárà mìíràn. Ẹja ńlá àti edé, ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ló ń gbà. Ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ló ń kó fún ọ."

"Happiness kọ́, Ìyá. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ohun tí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn."

Èmi ni mo sọ ọ́, mi ò sì sẹ́ ẹ. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, Mojọlá di àpò iṣu náà tán, ó gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sì fi rán Rájí. Happiness pe fóònù. Mojọlá ní ọjà ń lọ, ara le, ó ti parí. Bẹ́ẹ̀, tẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì máa ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù títí owó fi máa tán. Mo ń wo àpò iṣu náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí tí iṣu ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hu.

Nígbà náà ni obìnrin kan wá sí ìsọ̀ Mojọlá. Fúnminíyì lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní yunifásítì tó wà ní Àkùngbá. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ra ẹja, kò sì ná an. Àlọ́ tí ìyá mi pa fún wa kọ́ mi pé àlejò tó bá rẹ́rìn-ín jù, kí a wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ìrù wà lábẹ́ aṣọ. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì lásán ni mo rí.

Ó wá sọ ohun tó bá wá. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan ti ń fi ẹ̀rọ fa iyanrìn jáde ní ìsàlẹ̀ omi níbi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀ ní Ìlàjẹ, kí ọ̀nà omi lè jìn fún ọkọ̀ ojú omi ńlá. Wọ́n fẹ́ fà á sí i, kó jìn ju ti ìṣáájú lọ. Ìjọba ní kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun kọ́kọ́ wo ohun tí ti ìṣáájú ti ṣe sí omi, sí ẹja, àti sí àwọn tó ń fi í jẹun.

"A ti wo omi náà, Màmá," ló wí. "A ti bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà sọ pé ẹja ò dínkù rárá. Wọ́n ní àwọn ará abúlé ló ń tà á sí ìlú òkè ní bòókẹ́lẹ́, kí wọ́n lè rí ẹjọ́ rò. Ìdí nìyẹn tí mo fi tọ ẹja náà wá síbi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí ẹja ibẹ̀ ṣe ń wọlé fún yín tẹ́lẹ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì ń wọlé?"

Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ Mojọlá lábẹ́ tábìlì.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọlọ́jà kì í sunkún ọjà rẹ̀ lójú àlejò. Kódà bí ilé rẹ bá ń jó, tí ẹni tí o ò mọ̀ bá béèrè ọjà, ohun tí wàá sọ ni pé a dúpẹ́. Ta ló sì mọ ẹni tó rán an? Ó lè jẹ́ àwọn agbowó orí. Ó lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ oníyanrìn náà ló wọ síkẹ́ẹ̀tì. Ràódàt tó ń ta ẹja oníyìnyín sì wà nísọ̀ kejì, ó ti dẹ́kun kíka owó rẹ̀, ó na etí.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni Mojọlá dáhùn. "Bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀ náà ló ń wọlé. Ẹja Ìlàjẹ kò yí padà."

Fúnminíyì wo ẹja kéékèèké tó wà lórí tábìlì, ó wo ojú Mojọlá. Ó ní ṣé ó dá a lójú. Mojọlá ní ó dá òun lójú. Obìnrin náà ní òun á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìjọba àti ilé-iṣẹ́ náà, ó dúpẹ́, ó lọ. Inú mi dùn. Mo rò pé a ti gba ara wa lọ́wọ́ ìkà.

Kò pẹ́ kò jìnnà, Happiness fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì Rájí. Kò gbé agbọ̀n dání. Ó ti rù. Ìró rẹ̀ yí ìbàdí rẹ̀ po bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ló wọ̀. Mojọlá dìde láti gbá a mọ́ra, ó sì na ọwọ́ dá a dúró.

"Oníbàárà mi, èló ni wọ́n fún ọ?"

"Àwọn wo?"

"Àwọn oníyanrìn. Wọ́n ṣe ìpàdé lábúlé wa. Wọ́n ní ẹnì kan tó ń ra ẹja wa ní Ìkàrẹ́ sọ pé nǹkan kan ò yí padà. Gbogbo abúlé yíjú sí mi. Ta ló ń ta ẹja fún Ìkàrẹ́ bí kò ṣe èmi? Wọ́n ní èmi ni mò ń kó ẹja pamọ́ fún ọ. Wọ́n ń pè mí ní ọ̀dàlẹ̀, Mojọlá. Nínú ilé tí wọ́n bí mi sí."

Mojọlá náà gbaná jẹ. "Ìwọ tí o já èènì mi kúrò? Ìwọ tí ò ń fún ẹlòmíràn ní edé, tí o wá ń fi ẹrẹ̀ dí ẹja kó lè wúwo fún mi? Ìwọ lo fẹ́ béèrè owó lọ́wọ́ mi?"

"Ẹrẹ̀?" Happiness wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó lórí àpótí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. "Ẹ rò pé èmi ni mo fi ẹrẹ̀ sí i?"

Èmi ni mo dáhùn. "Ta ló wá fi sí i?"

"Ìyá àgbà, omi ló fi sí i. Bí ẹ̀rọ yẹn bá ti ń fa iyanrìn, omi á pọ́n, á wá dúdú bí ọbẹ̀ tó jóná. Kì í tòrò mọ́. Ẹja ò rí èémí mí. Etí omi ń ya lulẹ̀, igi ẹ̀gbà ń ṣubú tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ igi yẹn sì ni edé ń yé ẹyin sí. Edé ti lọ. Ó ti pẹ́ tó ti lọ."

"Irọ́," ni mo wí. "Èènì ń wá nígbà tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Rájí ti sọ fún wa, kí èènì tó dáwọ́ dúró, pé òun rí ẹ̀rọ náà lórí omi."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Mò ń lọ rà á ni, Ìyá àgbà. Mò ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí abúlé tó jìnnà, mò ń ra edé lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, mò ń pọ́n ọn sínú ewé, kó má baà jọ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Títí owó fi tán lọ́wọ́ mi."

Mojọlá ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ta ló ń ra ẹja lọ́wọ́ ẹni tí omi rẹ̀ ń kú? Tí o bá pè mí, tí o ní báwo lọjà, kí ni kí n wí? Mo ní a dúpẹ́."

Mojọlá yíjú sí mi, mo wo ibòmíràn. Ọ̀rọ̀ tí òun náà sọ fún Fúnminíyì gan-an nìyẹn, ẹnu ọlọ́jà kan náà ló ti jáde, ọ̀kan létí òkun, ọ̀kan lórí àpáta.

Ara ṣì ń fu mí o. Mo mú obòkún kan lórí tábìlì, mo ní kí Happiness là á lójú mi. Ó fi èékánná là á. Ẹrẹ̀ náà kò lẹ̀ mọ́ ẹnu nìkan, ó wọ inú ẹja lọ títí dé ìfun. Kò sí ọwọ́ ènìyàn tó lè tì í débẹ̀. Mo gbé ẹja náà sílẹ̀.

Mojọlá pe Fúnminíyì lórí fóònù, ó ní òun fẹ́ yí ọ̀rọ̀ òun padà. Fúnminíyì ní ó dára, kò tíì pẹ́ jù, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó ti sọ ti àkọ́kọ́, ẹni tó ń ṣojú ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó fetí ara rẹ̀ gbọ́ èyí, ní ìdí ọjà Mojọlá, kí wọ́n má baà sọ pé ńṣe ni òun kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ ní kọ̀rọ̀.

Ní ìdí ọjà! Mo fa Mojọlá sẹ́yìn ìsọ̀. "Ṣé orí rẹ pé? Kí o dúró láàárín ọjà Ìkàrẹ́ kí o máa kéde pé ẹja rẹ ń jẹ ẹrẹ̀? Ta ló máa rà á? Ràódàt á ti kọ́lé kí o tó padà délé."

"Tí mi ò bá sọ ọ́, Ìyá, wọ́n á fa iyanrìn yẹn títí kò fi ní sí ẹja kankan tí màá kéde."

"Sọ fún wọn pé o ṣàìsàn."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní àlọ́," ló wí. "Ẹ ò kọ́ mi ní ti ẹni tó ṣàìsàn títí ìtàn fi parí."

Ọjọ́ ọjà ni wọ́n wá. Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ náà wọ bàtà tó ń dán, ó sì ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ọjà ń jẹ lẹ́sẹ̀. Fúnminíyì béèrè ìbéèrè tó béèrè lọ́jọ́sí. Àwọn ará ìsọ̀ tó yí wa ká na ọrùn wò wá. Ràódàt tiẹ̀ gbé àpótí rẹ̀ súnmọ́ tòsí.

Mojọlá mú obòkún kan, ó là á sí méjì lójú gbogbo ènìyàn. "Bó ṣe ń wá báyìí nìyí," ló wí. "Tẹ́lẹ̀, ó máa ń tóbi, inú rẹ̀ á sì mọ́. Edé ò wá mọ́ rárá. Mo purọ́ fún yín lọ́jọ́sí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Mà, ẹ sọ ọ̀tọ̀ nígbà yẹn, ẹ ń sọ ọ̀tọ̀ báyìí, oníbàárà yín sì ti dé láti Ìlàjẹ. Èwo ni ká gbà gbọ́?"

"Ti ọjọ́sí, ọjà mi ni mo ń gbèjà. Tòní, ẹja ni. Ẹ wo ẹja kí ẹ gba òun gbọ́, ẹ fi èmi sílẹ̀."

Obìnrin kan tó ti na ọwọ́ láti ra ẹja fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Mo rí i. Mojọlá náà rí i. Òmíràn kọjá sọ́dọ̀ Ràódàt. Ìgbà tí ọjà fi máa tú, ẹja orí tábìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ má dínkù rárá. Ràódàt ra obòkún kan lọ́wọ́ wa nígbà tó ń lọ, ó ní aájò ni òun fi ṣe, a ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Títí di ìsinsìnyí mi ò mọ ohun tó wà nínú ọkàn rẹ̀.

Happiness sùn lọ́dọ̀ wa. Mojọlá yọ èyí tó ti hu kúrò nínú iṣu ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó fi tuntun kún àpò náà. Nígbà tí Happiness ń lọ, Mojọlá àti Rájí jọ gbé e sókè ọkọ̀. Rájí wojú mi, ó ní, "Màmá, ẹ ka iṣu yìí dáadáa o, ẹ̀wà ni mò ń fi iṣu jẹ." Mo ní kó lọ jókòó.

Wọ́n ní ìjọba kò tíì fọwọ́ sí i fún ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n ní wọ́n ṣì ń wò ó. Mo ti dàgbà jù láti máa jó sí orin "a ṣì ń wò ó." Rájí ní ẹ̀rọ náà dákẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n pé kò kúrò lójú omi. Ohun tó dákẹ́ tí kò lọ ilé rẹ̀, ó ń dúró de nǹkan ni. Mojọlá ti ń da ẹja oníyìnyín pọ̀ mọ́ ti Ìlàjẹ, ó sì ń sọ fún oníbàárà èyí tó jẹ́ ti ibi kan àti èyí tó jẹ́ ti ibòmíràn. Àwọn kan padà wá, àwọn kan kò padà wá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, agbọ̀n dé. Ẹja inú rẹ̀ kò pọ̀. Mo na ọwọ́ wọ ìsàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, ọwọ́ mi sì kan ewé. Ewé tí wọ́n pọ́n, tí wọ́n fi okùn dì, bó ti máa ń rí látijọ́. Mo tú u.

Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Mojọlá gba ewé náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí àyà, omi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. "Oníbàárà mi ò gbàgbé," ló ń wí. "Ìyá, ṣé ẹ rí i? Kò fi pamọ́ fún mi mọ́ lónìí. Ó sọ pé kò sí."

Mo ní kó fún mi ní ewé náà. Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí itan, mo fi ìka wá gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí èmi kì í gba òfo gbọ́ nígbà àkọ́kọ́ tí mo bá rí i.